Ẹ Má Tíì Da Oògùn sí Adágún Yẹn

Ìyá kan tó ń gbé ní ìtòsí Mọ́níyà, ní Ìbàdàn, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo fi síbẹ̀: "Adágún kan wà lẹ́yìn ilé wa. Oko ló yí i ká nígbà tí a kó dé, omi rẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ wa máa ń fi ìwọ̀ pa ẹja níbẹ̀. Ní báyìí, ilé ló yí i ká. Omi náà ti di àwọ̀ ewé, ó ń rùn, ẹja sì máa ń kú léfòó ní kùtùkùtù. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí, etí omi náà pọ́n, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ni. Mo bu díẹ̀ sínú ife, mo sì rí àwọn nǹkan tíntìntín pupa tó ń ta pọ́ún pọ́ún nínú rẹ̀. Ní ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù, àwọn àgbà kan ní àwọn kòkòrò yẹn ló ba omi jẹ́, pé àwọn ló ń kó sóbìyà ranni, kí a ra oògùn dà sí i. Àwọn mìíràn ní kí a kó yẹ̀pẹ̀ dí i. Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì sọ pé ìlú tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa ló ń pa àwọn kòkòrò náà. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?"

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ bu omi sínú ife kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ọmọ yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ìkọ̀kọ̀ tí gbólóhùn kan kò lè tú. Bí mo ṣe kà á, ohun mẹ́ta ló ń jẹ yín lọ́kàn: kí ni nǹkan tó ń ta pọ́ún nínú ife, ṣé òun ló ba omi jẹ́ tàbí omi ló ń bà á jẹ́, àti kí ni ẹ ó sọ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Omi adágún àti ohun tó ń gbé inú rẹ̀ ni iṣẹ́ mi láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́. Irú adágún tiyín yìí, èyí tí ìlú bá nínú oko tó sì gbé mì, ni mo ń bá pàdé jù ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú ife náà. Àwọn ẹranko tíntìntín tó ń léfòó nínú omi adágún pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni rótífà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò tó ìdajì mìlímítà, nítorí náà ojú lásán kì í sábàá rí wọn. Irun wẹ́wẹ́ tó yí orí wọn ká ni wọ́n fi ń fa oúnjẹ wọ ẹnu. Ìkejì ni ọ̀wọ́ tí Moina àti Daphnia wà. Moina ló wọ́pọ̀ jù nínú omi gbígbóná ilẹ̀ tiwa. Ó tó nǹkan bí mìlímítà kan, apá gígùn méjì tó wà lórí rẹ̀ ló fi ń lu omi, ìdí sì nìyẹn tó fi ń ta pọ́ún. Ìkẹta ni Cyclops àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni Cyclops ní, ní àárín orí. Ó máa ń sáré, á dúró, á tún sáré, abo rẹ̀ sì máa ń gbé àpò ẹyin méjì kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìrù. Ọ̀wọ́ kejì àti ìkẹta yìí, ìbátan edé àti alákàn ni wọ́n. Tanwíjí kò sí lára wọn rárá. Ọmọ ẹ̀fọn ni tanwíjí, yíyí ló ń yí ara rẹ̀ bó ṣe ń gòkè wá mí lójú omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra, wọ́n á ní "kòkòrò omi", ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ni ńkọ́? Nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú omi bá lọ sílẹ̀, Moina máa ń ṣe irú èròjà pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, kó lè rí ìwọ̀nba ọ́síjìn tó ṣẹ́kù gbà mú. Ara rẹ̀ á wá pọ́n. Bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn bá kó jọ sí etí omi láàárọ̀, ẹni tó dúró lókè á rí i pé omi pọ́n. Ohun mìíràn tún lè fa pupa: ẹ̀dá tíntìntín kan tó ń jẹ́ Euglena máa ń di pupa nígbà tí oòrùn bá mú, á sì padà di àwọ̀ ewé bí oòrùn bá rọ̀. Ife ló ń yanjú rẹ̀. Bí pupa náà bá tẹ́ sójú omi tí kò ta pọ́ún, Euglena ni ká fura sí. Èyí tí ẹ̀yin rí ń ta pọ́ún, nítorí náà Moina ni. Àmì wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í kàn ṣe irú èyí tí wọ́n rò: ó ń sọ pé èémí ti há mọ́ ohun gbogbo tó wà nínú omi yẹn.

Ọ̀rọ̀ sóbìyà ni mo fẹ́ fi sùúrù sọ, nítorí àwọn àgbà tó dá a sílẹ̀ kò parọ́. Ó ṣojú wọn. Ní 1988, àwọn tí sóbìyà mú ní Nàìjíríà ju 650,000 lọ, agbègbè Ìbàràpá níbí, ní Ìdèrè àti àwọn abúlé rẹ̀, sì wà lára ibi tó ti yọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lẹ́nu tí wọn kò fi lè dé oko nígbà tí iṣẹ́ oko le jù. Cyclops ni sóbìyà ń gbà dé ara wa. Ẹni tí aràn náà ń yọ lẹ́sẹ̀ á wọ odò, aràn á tú ọmọ sínú omi, Cyclops á jẹ ọmọ aràn, ẹlòmíràn á mu omi tó ní Cyclops náà nínú, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan aràn á tún yọ lára onítọ̀hún. Ẹ wá wò ó dáadáa: bí kò bá sí ẹni tí aràn ń yọ lára rẹ̀ tó wọ omi, Cyclops kò ní ohun tí yóò kó ràn wá. Nàìjíríà rí ẹni ìkẹyìn tí sóbìyà mú ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé àrùn náà ti kúrò nílẹ̀ wa. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, omi kànga tó mọ́, ìkìlọ̀ fún àwọn tí aràn ń yọ lára wọn kí wọ́n má wọ odò, àti oògùn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọn dà sí odò mímu, ni wọ́n fi lé e lọ. Ó jọ pé ìrántí oògùn yẹn ló wà lẹ́yìn ìmọ̀ràn tí wọ́n mú wá. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ní ìdí, ó ní ìwọ̀n, àwọn tó mọ̀ ọ́n ló sì ń dà á. Cyclops ẹ̀yìn ilé yín lónìí kò ru sóbìyà. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà o, nítorí ohun mìíràn tí mo máa sọ níwájú.

Iṣẹ́ wo wá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Àwọ̀ ewé tí ẹ ń rí, ewéko tíntìntín tí ojú kò rí lọ́kọ̀ọ̀kan ló mú un wá. Bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ koríko àgbàlá tí koríko kì í fi í ga, bẹ́ẹ̀ ni Moina ń jẹ ewéko yìí tọ̀sán-tòru. Òun náà ni ọmọ ẹja kọ́kọ́ ń jẹ. Àwọn tó ń pa ẹyin ẹja àrọ̀ mọ èyí dáadáa: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ sin Moina nínú táǹkì, kí ọmọ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lè rí ohun alààyè jẹ láìjẹ́ pé wọ́n ra ẹyin Artemia (ẹranko tíntìntín inú omi iyọ̀) inú agolo tó ń ti òkè òkun wá ní owó gọbọi. Ẹja tí àwọn ọmọ yín ń pa nígbà náà, irú ẹranko tíntìntín yìí ló jẹ dàgbà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí a pa àwọn kòkòrò kí omi lè mọ́, ohun tó ń sọ ni pé kí a lé àwọn tó ń tún omi ṣe kí omi lè tún ara rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìlú. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ibùdókọ̀ ojú irin ní Mọ́níyà ní 2021 ni ilé ti ń yọ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí ìlú máa ń kọ́kọ́ gbé wọ adágún kì í ṣe májèlé. Oúnjẹ ni, oúnjẹ àpọ̀jù. Omi ṣáláńgá àti sókáwéè, omi ìfọṣọ, omi tí wọ́n fi fọ ilé adìyẹ, ìdọ̀tí ọjà: gbogbo rẹ̀ ló kún fún fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti náítírójìn, ohun kan náà tí àgbẹ̀ ń ra nínú àpò ajílẹ̀. Bó bá dé inú omi, ewéko tíntìntín ni yóò fi sanra. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Moina náà á pọ̀ sí i, nítorí oúnjẹ pọ̀. Ìgbà yìí gan-an ni àwọn ará àdúgbò máa ń kọ́kọ́ kíyè sí wọn, tí wọ́n á sì rò pé àwọn ló mú ìdọ̀tí wá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìdọ̀tí bí ni wọ́n wá jẹ.

Àmọ́ bí oúnjẹ náà bá ń wọlé láìdáwọ́ dúró, irú ewéko tó wà nínú omi á yí padà. Ọ̀wọ́ kan wà tó ń jẹ́ Microcystis. Ó fẹ́ràn omi tó gbóná tó sì dákẹ́, ó máa ń so mọ́ ara wọn di kókó tí ẹnu Moina kò lè gbà, kò sì ṣara lóore. Àwọn kan nínú ọ̀wọ́ yìí tún ní oró tó ń ba ẹ̀dọ̀ ẹranko àti ènìyàn jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ẹnikẹ́ni má mu omi yẹn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ewúrẹ́ àti ajá mu níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ìfófòó aláwọ̀ ewé tó nípọn ní etí omi. Nígbà tí ọ̀wọ́ yìí bá gba adágún, Moina á dín kù, ohun tó ń jẹ ewéko á tán, àwọ̀ ewé á sì máa dúdú sí i.

Ikú ẹja ní kùtùkùtù náà kò ṣàjèjì. Lọ́sàn-án, ewéko inú omi ń tú ọ́síjìn jáde. Lóru, kò sí oòrùn, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí in sínú, ìdọ̀tí tó ń jẹrà nísàlẹ̀ náà ń fà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tán. Ẹni tó bá wá fi ẹ̀rọ wọn ọ́síjìn adágún yín ní agogo méjì ọ̀sán lè sọ fún yín pé omi náà dára, nítorí náà aago márùn-ún ìdájí ni kí ẹ ní kó wá. Ooru tún ń dá kún un. Omi tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mìlígíráàmù 9 ọ́síjìn nínú lítà kan, ṣùgbọ́n ní 30°C kò lè ju nǹkan bíi 7.5 lọ. Omi tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀ látinú àìtó. Bí a bá wá gé igi etí adágún, tí òjò tó bọ́ sórí páànù àti títì ọlọ́dà gbígbóná sì ń ṣàn wọ inú rẹ̀, a tún ń dín ìwọ̀nba náà kù.

Ohun kan wà tí mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù kankan, èrò mi sì ni pé ọṣẹ́ rẹ̀ kò kéré sí ti ìdọ̀tí. Gọ́tà ni. Nígbà tí oko wà níbẹ̀, òjò máa ń rọra rì sínú ilẹ̀, á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ sínú adágún fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní báyìí, páànù àti kọnkéré kò gba omi, gọ́tà á da gbogbo rẹ̀ sínú adágún láàárín wákàtí kan, omi tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde tòun ti ẹ̀dá tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ro iye àkókò tí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan nílò. Nínú omi gbígbóná, rótífà lè dàgbà kó sì bímọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Moina nílò bí ìdajì ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan. Cyclops máa ń bọ́ awọ ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dàgbà, ó sì lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ìkún omi bá ń ṣan adágún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án, Cyclops kò ní lè parí ìdàgbàsókè rẹ̀, Moina á máa tiraka, rótífà nìkan ni yóò máa padà. Bẹ́ẹ̀ sì ni rótífà kò lè jẹ ewéko tó èyí tí Moina ń jẹ, ara rẹ̀ kò gbà á.

Gọ́tà yìí kan náà ló ń gbé amọ̀ pupa wọlé láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Moina kì í ṣa oúnjẹ rẹ̀. Ohunkóhun tó bá tó ìwọ̀n ẹnu rẹ̀ ló ń gbé mì, amọ̀ á kún inú rẹ̀, ebi á sì pa á pẹ̀lú ikùn kíkún. Òróró ọkọ̀ láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí mo bẹ̀rù jù ni apakòkòrò, èyí tí a fi ń pa ẹ̀fọn àti aáyán nínú ilé, àti èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀fọ́ etí omi. Moina jìnnà sí ẹja, ó sún mọ́ kòkòrò. Ohun tó ń pa kòkòrò ló ń pa á, ìwọ̀n tó kéré débi pé ẹja kò ní mọ̀ ọ́n lára sì ti tó fún un. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní omi náà kò lóró torí pé ẹja ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ kò tó.

Ní orílẹ̀-èdè Belgium, àwọn onímọ̀ kó Daphnia láti adágún inú ìlú àti adágún inú oko, wọ́n tọ́ wọn lábẹ́ ipò kan náà fún ìran mélòó kan. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017, wọ́n rí i pé àwọn ti inú ìlú lè fara da ooru jù, wọ́n kéré lára jù, wọ́n sì ń tètè dàgbà. Ìyàtọ̀ náà ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n ń fi jogún fún ọmọ. Kì í ṣe pé ìlú kàn ń pa wọ́n, ó ń tún wọn dá. Kíkéré yẹn kì í ṣe ohun tó dára fún omi, nítorí èyí tó tóbi ló ń jẹ ewéko jù. Daphnia ti Belgium lè tó mìlímítà márùn-ún, Moina tiwa sì kéré tẹ́lẹ̀. Ààyè tí ẹ̀dá omi tiwa ní láti kéré sí i kò pọ̀.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Ìlú kì í pa gbogbo wọn, wíwà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé nìkan kò sì tó láti ba adágún jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn onímọ̀ fi adágún inú ìlú wé ti ìgbèríko, àpapọ̀ wọn ju 1,000 lọ. Èsì tó jáde ní 2017 fi hàn pé oríṣi ẹ̀dá omi aláìléegun ẹ̀yìn tó wà nínú ti ìlú kò kéré sí ti ìgbèríko. Ohun tó ń ya adágún kan sọ́tọ̀ sí òmíràn ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ kó wọ inú rẹ̀. Nínú ìrírí tèmi pẹ̀lú, adágún ìlú tó bàjẹ́ kì í ṣófo, ó sábà máa ń kún fún rótífà. Oríṣi ló ń dín kù, kì í ṣe iye.

Ó wá ku ohun tí ẹ ó sọ ní ìpàdé. Lórí oògùn, ìdáhùn mi ni rárá, pàápàá Gamalin àti irú rẹ̀ tí àwọn kan fi ń pa ẹja. Yóò pa Moina àti Cyclops, yóò pa ọmọ lámilámi tó ń gbé nísàlẹ̀ omi, ó sì lè wọ kànga yín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀fọn á fò láti ibòmíràn wá yé ẹyin sínú omi tí kò ní ọ̀tá mọ́, tanwíjí á sì ṣáájú gbogbo wọn padà. Ẹ rántí pé ọmọ lámilámi àti Cyclops ńlá máa ń jẹ tanwíjí. Ní Vietnam, irú Cyclops kan ni wọ́n dà sínú ìkòkò omi àti kànga ní àwọn abúlé láti fi lé ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dẹ́ńgè, ó sì ṣiṣẹ́. Mi ò ní parọ́ fún yín pé adágún tó mọ́ kì í ní ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà fẹ́ràn omi tó mọ́, àmọ́ kòtò kékeré ojú ọ̀nà àti ibi tí táyà ọkọ̀ tẹ̀ ló sábà máa ń yé sí, níbi tí ọ̀tá kò sí. Èyí tó ń kùn létí yín lóru láti inú gọ́tà àti sókáwéè, omi ìdọ̀tí ni tiẹ̀ ń wá.

Lórí yẹ̀pẹ̀, mo gbà pé ó ní ìdí. Bí ọmọdé bá ti já sínú adágún náà rí, ẹ̀rù àwọn òbí tọ́, ọgbà ni kí ẹ sì fi yí i ká ní kíá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí omi tí kò ríbi dúró lè ṣe. Ògùnpa ní oṣù kẹjọ 1980, àti ìkún omi oṣù kẹjọ 2011: ẹ̀mí tó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Omi tó ń dúró nínú adágún yín nígbà tí òjò ńlá bá rọ̀, tí ẹ bá dí i, inú yàrá ẹnì kan ni yóò lọ.

Àwọn kan á ní kí ẹ kó ẹpíyà sí i. Ẹ má tíì ṣe é. Ẹpíyà kéékèèké máa ń ṣa Moina tó tóbi jù jẹ, ó sì ń bímọ kíákíá, àwọ̀ ewé á tún pọ̀ sí i. Àrọ̀ ní tirẹ̀ máa ń ru ẹrẹ̀ sókè. Ẹ fi èyí tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí èmi yóò ṣe nìyí. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta mú agbòòrùn, kí wọ́n rìn yí adágún náà po, kí wọ́n sì sàmì sí gbogbo ojú tí omi ń gbà wọlé. Ẹ gbẹ́ kòtò kan sí ìwájú gọ́tà tó tóbi jù, kí amọ̀ lè jókòó síbẹ̀ kí omi tó kọjá, kí ẹ sì máa kó amọ̀ náà lẹ́yìn òjò. Ẹ jẹ́ kí koríko tó yí etí omi ká ga ní ìwọ̀n mítà márùn-ún ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni má sun ún, kó má fọ́n oògùn apakoríko sí i. Sókáwéè tó ń jò ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kódà bó bá jẹ́ ti alága ẹgbẹ́. Kò sí àtúnṣe mìíràn tó lè dípò rẹ̀. Ẹ gbin igi sí apá ìwọ̀ oòrùn. Ojú oró, ẹ máa fi ọwọ́ kó apá kan rẹ̀ kúrò, nítorí ó ti fa fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sínú ara, bí ẹ bá sì kó o lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà bá a lọ nìyẹn. Ẹni tó ń kó o kí ó wọ bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́, kí àwọn ọmọdé má sì wẹ̀ níbẹ̀, nítorí ìgbín omi tó ń lẹ̀ mọ́ ewé rẹ̀ lè ru àtọ̀sí-ajá.

Bí ẹ bá fẹ́ kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má sì da kọnkéré sí i. Nínú ẹrẹ̀ yẹn ni irúgbìn adágún wà. Nígbà tí nǹkan bá rọgbọ, abo ni gbogbo Moina, wọ́n ń bí abo bíi tiwọn láìrí akọ. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ tàbí tí wọ́n bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, wọ́n á bí akọ, abo á sì yé ẹyin eléèpo líle tó ń rì sínú ẹrẹ̀. Ẹyin yẹn lè la ọ̀gbẹlẹ̀ já, ẹsẹ̀ lékelèke lè gbé e láti adágún kan sí òmíràn, àwọn onímọ̀ sì ti pa ẹyin Daphnia tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú ẹrẹ̀, ó sì yọ. Èyí ló fún mi nígboyà láti sọ pé adágún yín kò tíì kú. Ẹ̀dá tó wà níbẹ̀ nígbà tí oko yí i ká ṣeé ṣe kó ṣì wà nísàlẹ̀, tó ń retí omi tó dára.

Ẹ má ṣe ṣèlérí fún ìpàdé pé omi á mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó ti kó jọ sínú ẹrẹ̀ á ṣì máa yọ jáde, pàápàá nígbà tí ọ́síjìn bá tán nísàlẹ̀, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó rọlẹ̀. Gọ́tà tó ń ti àdúgbò òkè wá, ó ju agbára ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù kan lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ lẹ ó kọ̀wé sí. Ohun tí mo sì kọ síhìn-ín, látinú lẹ́tà yín ni. Apakòkòrò àti irin olóró kò ṣeé fi ojú mọ̀, yàrá àyẹ̀wò ló lè wọ̀n wọ́n.

Èyí tí ẹ lè ṣe fúnra yín ni kí ẹ máa bu omi sínú ife funfun lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní kùtùkùtù, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé. Bí Moina kò bá pọ́n mọ́, ọ́síjìn ti ń padà. Bí ẹ bá rí Cyclops tó gbé àpò ẹyin méjì, omi náà ti rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìkún omi kò fi ṣàn án lọ. Bí òjò ọdún méjì bá kọjá tí ẹ ti dí sókáwéè, tí kòtò amọ̀ ń ṣiṣẹ́, síbẹ̀ tí ohunkóhun kò ta pọ́ún nínú ife, ìgbà náà ni kí ẹ dáwó jọ, kí ẹ gbé omi àti ẹrẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò apakòkòrò.